Èémí Odò Orí Òkè

Omi mu obìnrin náà dé orókún. Ó dúró sí àárín odò Aboabo ní Kumasi, ní Ghana, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú bàtà òjò gígùn lẹ́sẹ̀ àti ìbòrí àwọ̀ ewé lórí, ó da abọ́ rọ́bà funfun kan dé sójú omi bí ẹni da abọ́ dé orí oúnjẹ. Ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan ti ìdí abọ́ náà jáde wá sínú àpótí kékeré tó gbé kọ́rùn. Ó tẹjú mọ́ àpótí yìí débi pé kò mọ̀ pé èrò ti kún orí afárá.

"Oògùn ló ń dà sómi," ọkùnrin kan wí ní èdè Hausa.

"Oògùn kọ́," obìnrin kan dá a lóhùn. "Góòlù ló ń wá. Báyìí ni àwọn galamsey tó ń jí góòlù wà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Tí a bá dákẹ́, ní ọ̀la wọ́n á gbé ẹ̀rọ wá gbẹ́ ilẹ̀ ilé wa."

Sàláúdéènì ń bọ̀ láti ìrun Jímọ̀, ó wọ jàlámíà tuntun aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó kàn fẹ́ kọjá lọ ni. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Anloga Junction, níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kwabena ti ń ṣe àga. Kwabena ń kan igi, òun ń fi fóòmù àti aṣọ bò ó. Oníbàárà kan ń dúró dè é. Àmọ́ bó ṣe bojú wolẹ̀ láti orí afárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Kì í ṣe abọ́ náà ló mú un dúró. Bí obìnrin náà ṣe ń wo omi ni. Ó ń wo omi ẹlẹ́gbin yẹn bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

Ẹnìkan pariwo mọ́ ọn láti òkè. Obìnrin náà ta gìrì, okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, abọ́ funfun sì bá omi lọ.

"Yéè! Mo gbé! Abọ́ mi o!"

Yorùbá ni ó fi ké e, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ bí èyí tí wọ́n ń sọ nílé Sàláúdéènì. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ létí odò, ó ká jàlámíà sókè, ó kó sínú omi. Ó lé abọ́ náà mú níbi tí ó ti há sábẹ́ ẹ̀ka igi, ẹrẹ̀ dúdú sì ti kùn ún dé ìbàdí.

"Ẹ má fọwọ́ kan ojú yín!" obìnrin náà ké bó ṣe ń sáré bọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, omi yìí ò mọ́ rárá. Ẹ na ọwọ́ wá."

Ó yọ ọṣẹ àti omi inú ìgò láti inú báàgì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbà tó fọ ọ́ tán ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í.

"Ẹ ṣé gan-an ni. Tòyíbàt ni orúkọ mi. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo wà, iṣẹ́ odò ni mo ń ṣe."

"Sàláúdéènì. Kí lẹ ń wá nínú omi yìí gan-an? Wọ́n ní góòlù ni."

"Èémí rẹ̀ ni mò ń wá," Tòyíbàt wí.

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá lórí afárá rẹ́rìn-ín. Sàláúdéènì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ṣé odò ń mí ni?"

"Ẹ ti ṣí ìgò mínírà tí wọ́n ti mì rí? Bí ó ṣe ń hó yẹn, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Odò náà ní tirẹ̀. Ewé, ìgbẹ́, gbogbo ohun tó bá jẹrà sí ìsàlẹ̀ omi ń di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn ń yọ́ jáde, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí ayé máa gbóná. A ò lè fojú rí i. Abọ́ yìí ló ń bá mi mú un, àpótí yìí ló ń sọ iye rẹ̀ fún mi."

Ó gbé ojú sókè, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Twi àti ní Hausa fún àwọn tó wà lórí afárá. Inú rẹ̀ ò bàjẹ́ sí wọn. Obìnrin tó pè é ní awagóòlù béèrè bóyá afẹ́fẹ́ náà lè pa ọmọdé, Tòyíbàt sì dúró dá a lóhùn títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Sàláúdéènì dé ọ̀dọ̀ oníbàárà rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Nígbà tí wọ́n bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

*

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti dé etí odò kí Tòyíbàt tó dé. Ó gbé ohun kan dání tó fi aṣọ wé.

"Mo rí i pé abọ́ yín ò dúró dáadáa lójú omi," ó wí. "Mo ṣe èyí fún un."

Ó ṣí aṣọ náà. Òrùka fóòmù ńlá ni, ó fi awọ pupa bò ó, ó rán etí rẹ̀ lọ́nà tó dára, ó tún fi bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Tòyíbàt wò ó, ó gbé abọ́ rẹ̀ sí àárín rẹ̀, wọ́n sì jọ gbé e lé omi.

Ó léfòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ó mu ún, ó mu ún, ó wúwo, ó rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rì tòun ti bọ́tìnnì rẹ̀.

Tòyíbàt rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Àga lẹ ṣe fún odò!"

"Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́," Sàláúdéènì wí. "Láti àárọ̀ ló ti ń rìn, mo ní kó jókòó díẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní "o". Wọ́n wá fóòmù funfun líle tí wọ́n fi ń di fíríìjì, ìyẹn kò mu omi, ó sì ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ tí Tòyíbàt bá ń lọ sódò, Sàláúdéènì á wá ààyè láti bá a di okùn mú. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan, wọ́n á tú wààkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà inú ewé, wọ́n á jọ jẹ ẹ́.

"Ọ̀gá odò," Sàláúdéènì máa ń pè é.

"Aláàga odò," òun náà á dáhùn.

Ibẹ̀ ni Sàláúdéènì ti gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Wọ́n ń ka èéfín mọ́tò," Tòyíbàt wí fún un ní ọjọ́ kan, "wọ́n ń ka ti ilé iṣẹ́. Àmọ́ àwọn odò kéékèèké, èèyàn díẹ̀ ló ń kà wọ́n. Èyí tó wá wà lórí òkè gíga, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń débẹ̀. Omi ń já lu àpáta níbẹ̀, ó ń fọ́, gbogbo afẹ́fẹ́ tó gbé ń tú jáde kó tó dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù débi pé koríko tó kú láyé àwọn baba ńlá èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì jẹrà tán. Bí ayé ṣe ń gbóná ló ń jẹrà. Ta ló ń kà á, Sàlá?"

"Ìwọ."

"Mi ò tíì rí òkè rí. Ilé bàbá mi ní Fante New Town, ilé ẹ̀kọ́, odò yìí, ibi tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ó wí i pẹ̀lú ẹ̀rín, àmọ́ Sàláúdéènì rí ojú rẹ̀ bó ṣe wo ọ̀nà jíjìn. Ìfẹ́ rẹ̀ sí i pọ̀ sí i, ẹ̀rù díẹ̀ sì bá ìfẹ́ náà wọlé.

*

Ìyá Sàláúdéènì ń jẹ́ Kùdírátù. Àdúgbò Aboabo, létí odò náà, ló ń gbé, ó ti ta àwo àti ìkòkò lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó ní kó jókòó sílé. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ ni, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Tòyíbàt kúnlẹ̀ kí i, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí ni oríkì rẹ?"

"Àṣàkẹ́ ni, Màmá. Ìyá bàbá mi ló máa ń pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Àṣàkẹ́," ìyá náà wí, jẹ́jẹ́. "Wá jókòó tì mí, Àṣàkẹ́. Bá mi pa ẹ̀pà yìí."

Wọ́n pa ẹ̀pà, wọ́n sọ̀rọ̀, Kùdírátù tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìtàn àga tó rì sódò. Sàláúdéènì ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, ara rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà náà ni Tòyíbàt, tí kò fẹ́ kí ohunkóhun wà ní ìpamọ́, sọ ọ̀rọ̀ tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Màmá, olùkọ́ mi, Dókítà Dinah, ti mú mi mọ́ àwọn tó máa lọ sí Lẹ̀sótò. Orílẹ̀-èdè olókè ni, ó wà láàárín South Africa. A máa wọn èémí àwọn odò orí òkè níbẹ̀. Ó máa tó oṣù díẹ̀ sí ọdún kan."

Ọwọ́ Kùdírátù dúró lórí ẹ̀pà.

"Lẹ́yìn èyí, wàá padà?"

"Màá padà, Màmá."

Ìyá náà gbé abọ́ ẹ̀pà kúrò lórí ẹsẹ̀.

"Ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní Ghana, ọmọdé ni mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ọmọ Asante ni ìyá mi. Wọ́n kó bàbá mi sínú ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó gbé mi sókè, ó ní, 'Mò ń bọ̀ kí Iléyá tó dé.' Iléyá dé. Mo lọ jókòó sí ibùdókọ̀. Iléyá míì tún dé. Mo jókòó síbẹ̀ títí mo fi dàgbà tí ojú ń tì mí láti jókòó. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi bóyá ó kú, tàbí ó fẹ́ ìyàwó míì, tàbí ó gbàgbé mi." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Àmọ́ ẹni tó máa lọ, kó lọ kí n tó fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní jókòó sí ibùdókọ̀ mọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ mi jókòó síbẹ̀."

Ó dìde, ó wọlé.

*

Ọjọ́ kejì, Tòyíbàt wá bá Sàláúdéènì ní ibi iṣẹ́. Kwabena rí ojú àwọn méjèèjì, ó ní òun fẹ́ lọ ra ìṣó, ó sì jáde.

"Dúró, Tòyíbàt," Sàláúdéènì wí. "Odò pọ̀ ní Kumasi. Ka tiwa níbí."

"Mo ti ń ka tiwa."

"Màmá ò ní gbà."

"Mo mọ ohun tí Màmá wí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ wí?"

Ó wo abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, pé láti ọjọ́ tó ti fọ ọwọ́ òun létí odò ni òun ò ti mọ bí ọjọ́ ṣe ń parí láìrí i. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀.

"Bí o bá lọ, mi ò mọ̀ bóyá wàá bá mi níbí tí o bá dé."

Ẹ̀rọ ìlagi ń ké ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Tòyíbàt dúró dè é títí ó fi dákẹ́.

"Ká ní o sọ pé àárò mi máa sọ ẹ́," ó wí, "ǹ bá sunkún, ǹ bá sì lọ pẹ̀lú ayọ̀. Ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí."

Ó lọ. Sàláúdéènì jókòó ti àga tó ń bò lọ́wọ́, ó rán apá kan rẹ̀ sódì, ó tú u, ó tún rán an sódì.

Kí Tòyíbàt tó wọ ọkọ̀ lọ sí Accra, ó padà sílé Kùdírátù nígbà tó mọ̀ pé Sàláúdéènì wà níbi iṣẹ́. Ìyá náà kò ní kó jókòó.

"Màmá, mi ò wá ṣèlérí kankan," Tòyíbàt wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ ìlérí tó. Mo kàn fẹ́ gba nọ́ńbà fóònù yín. Màá máa pè yín ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Bí ẹ ò bá fẹ́ gbé e, kò burú. Yóò máa dún kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mo wà."

Kùdírátù wò ó. Ó ka nọ́ńbà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fúnni ní ohun tí kò dá a lójú.

*

Òkè Lẹ̀sótò kò jọ ohunkóhun tí Tòyíbàt ti rò. Kò sí igi. Koríko ló tẹ́ lọ títí kan ojú ọ̀run, àwọn darandaran ọkùnrin sì ń gun ẹṣin kọjá pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bó bá gun òkè díẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Omi àwọn odò náà mọ́, ó tutù bíi yìnyín, ó ń fò láti orí òkúta dé orí òkúta, ó ń pariwo tọ̀sán tòru.

Ọjọ́ kìíní tó gbé abọ́ rẹ̀ lé omi yẹn, tí nọ́ńbà ojú àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó kígbe pe Dókítà Dinah. Odò tó mọ́ bí díńgí yìí ń tú afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀ tútù ti fi pamọ́ láti ayébáyé. Tòyíbàt dúró nínú omi náà, inú rẹ̀ dùn pé òun rí i, ẹ̀rù sì ń bà á nítorí ohun tó rí. Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn pé kí òun sọ ọ́ fún ni Sàláúdéènì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gun òkè kan tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Ó dún pẹ́.

"Hẹ́lò," Kùdírátù wí, bí ẹni tí wọ́n fipá mú.

"Màmá, Àṣàkẹ́ ni."

Ìyá náà tún fóònù dì mú létí. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ṣé òtútù wà níbẹ̀?"

"Ó wà gan-an, Màmá."

"O wọ ìbọ̀sẹ̀?"

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Jímọ̀ kejì, ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ á ti di fóònù mú kó tó dún. Tòyíbàt á sọ fún un nípa àwọn àgùntàn àti bí ẹṣin ṣe jẹ fìlà Dókítà Dinah. Kùdírátù á sọ ẹni tó bímọ ní àdúgbò. Ọjọ́ kan, aládùúgbò kan gbọ́ tí ìyá náà ń ṣàlàyé fún àwọn obìnrin létí kànga pé odò ń mí, àti pé ẹni tó bá ń da pàǹtírí sí Aboabo ń fún un ní àìsàn àyà.

Sàláúdéènì kò mọ nǹkan kan. Ó kàn dé sílé ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, ó gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀ nínú yàrá. Kò gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá òun ti kú.

"Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò kàn ọ́."

Àmọ́ ó ti gbọ́ ohùn náà. Ó lọ jókòó sẹ́yìn fèrèsé, ó gbé orí lé orókún. Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ ló ń tètè dé. Kwabena ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìmáàmù ló kù kó dà. Kùdírátù rí òjìji rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, ó tẹ fóònù kí ohùn Tòyíbàt lè jáde sókè.

Ní ọ̀sán bẹ́ẹ̀ kan, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ béèrè pé, "Ṣé o ṣì ń bínú sí ọmọ mi?"

"Rárá, Màmá," ohùn náà dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. "Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí. Àmọ́ òun ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Sàláúdéènì mú fóònù jáde ní àìmọye ìgbà lọ́sẹ̀ náà. Ojú tì í, ó dá a padà sí àpò.

*

Òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní Kumasi nígbà tí fóònù Kùdírátù kò dún ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tí Jímọ̀ kejì náà lọ láìdún, kò jẹun. Ó gbé àpótí ìjókòó lọ sí ẹnu géètì, ó fi ìborùn bo orí nítorí ọ̀rinrin, ó fi fóònù sórí ẹsẹ̀, ó sì ń wo ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni Sàláúdéènì bá a. Ó dúró ó ń wo ìyá àgbà náà, ó sì rí ọmọbìnrin kékeré tó jókòó sí ibùdókọ̀. Ọkàn rẹ̀ já. Kì í ṣe nítorí ìyá rẹ̀ nìkan. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí nǹkan bá ti ṣe Tòyíbàt, ọ̀rọ̀ burúkú yẹn ni yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí òun bá a sọ.

Ó pè é. Kò lọ. Ó pè é títí, ó sáré lọ sílé bàbá Tòyíbàt, Àlùhájì Yúnúsà, ní Fante New Town. Àlùhájì ti bá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti rí Dókítà Dinah, tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú kó tó di pé ojú ọjọ́ bàjẹ́. Yìnyín tó bolẹ̀ ló dí ọ̀nà. Òpó fóònù wó. Tòyíbàt àti àwọn tó kù wà nínú ilé òkúta àwọn darandaran, oúnjẹ wà, iná wà. Àlàáfíà ni wọ́n wà, wọ́n kàn ò lè pe ẹnikẹ́ni ni.

Ó padà wá sọ fún ìyá rẹ̀. Kùdírátù gbọ́ ọ tán, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀.

"Màmá, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Mo gbọ́." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ọ̀nà ló dí. Ọmọ yẹn fẹ́ pè mí, ọ̀nà ló dí. Sàlá, gbogbo ayé mi ni mo fi bínú sí bàbá mi. Bóyá ọ̀nà ló dí fún òun náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ààlà mọ́ wọn. Kò sí fóònù nígbà yẹn. Bóyá ó dúró níbì kan, tó ń wo ọ̀dọ̀ wa."

Sàláúdéènì kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn nínú ọ̀rinrin òjò níbẹ̀.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí fóònù tó dún. Kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀. Kùdírátù gbé e, ó gbọ́ "Màmá" ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Alhamdulillahi," ó sì na fóònù sí ọmọ rẹ̀. "Gbà. Mo ti gbọ́ tèmi."

Sàláúdéènì gbà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ sá lọ.

"Àṣàkẹ́," ó wí. "Ṣé o wọ ìbọ̀sẹ̀?"

Ó gbọ́ ẹ̀rín, lẹ́yìn náà ẹkún, lẹ́yìn náà méjèèjì pọ̀.

"Aláàga odò. Ó pẹ́ o."

"Mo jẹ̀bi. Ẹ̀rù ló bà mí, mo wá fi ẹ̀rù ṣe ìbínú. Àárò rẹ ń sọ mí, láti ọjọ́ tí o ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù ló ti ń sọ mí. Fẹ́ mi, Tòyíbàt. Má sáré bọ̀ nítorí mi o, parí iṣẹ́ rẹ. Mi ò ní kí o dúró mọ́. Èmi ni màá dúró dè ọ́."

"Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà?"

"Màmá ló gbé fóònù fún mi. Wọ́n ń tẹ́tí gbọ́ wa báyìí, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà."

"Mò ń ṣa ẹ̀wà lóòótọ́," Kùdírátù wí láti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní orí òkè, Tòyíbàt jókòó sórí òkúta kan tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ kúrò lórí rẹ̀. "Màá fẹ́ ọ, Sàlá," ó wí. "Lọ bá bàbá mi. Wọ àga tó dára lọ... áà, aṣọ ni mo fẹ́ sọ. Òtútù ti mú ahọ́n mi."

*

Tòyíbàt dé nígbà tí òjò ti ń lọ sópin. Kùdírátù fúnra rẹ̀ bá wọn lọ pàdé rẹ̀, ó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó dì mọ́ ọn. Sàláúdéènì dúró sẹ́yìn, ó ń dúró de àsìkò tirẹ̀. Nígbà tó kàn án, kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe lójú àgbà, ó kàn gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ìka wọn sì wé mọ́ra lábẹ́ okùn báàgì náà.

Àlùhájì Yúnúsà kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ó béèrè lọ́wọ́ Sàláúdéènì bóyá yóò lè gbé pẹ̀lú obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ á máa gbé e lọ sókè gíga. Sàláúdéènì ní òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró dè é. Wọ́n fi ọjọ́ yìgì sí ọ̀sán Sátidé kan, nínú àgbàlá ilé ní Fante New Town, àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ díẹ̀, Kwabena nínú funfun, Dókítà Dinah pẹ̀lú fìlà tuntun.

Ìmáàmù béèrè ohun tí ìyàwó fẹ́ gbà ní sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ gbọ́dọ̀ fún un. Àwọn ènìyàn retí wúrà tàbí Kùránì. Tòyíbàt bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí etí. Àlùhájì wúkọ́.

"Ó ní wọ́n ti ní kí òun padà lọ síbi iṣẹ́ náà fún oṣù kan, lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó fẹ́ gbà ní sàdáàkì ni pé kí ọkọ rẹ̀ bá òun gun òkè yẹn."

Ẹ̀rín sọ nínú àgbàlá. Ìmáàmù rọra ronú sí i, ó ní ohun tó bá ṣe ìyàwó láǹfààní, tí ọkọ sì lè ṣe é, ó tọ́. Ó yíjú sí Sàláúdéènì. "Ṣé o gbà?"

"Ó gbà," Kùdírátù wí, kí ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu. "Kí wọ́n jọ lọ, kí wọ́n sì máa pè mí."

Wọ́n so yìgì. Wọ́n jọ lọ.

Ní ọjọ́ tí Sàláúdéènì kọ́kọ́ gun òkè náà, ìdajì ọ̀nà ni ó ti jókòó sórí àpáta, ó di àyà mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Tòyíbàt sáré padà wá bá a.

"Afẹ́fẹ́ ibí kéré," ó wí. "Rọra mí. Bẹ́ẹ̀ ni. Tún mí."

Ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Sàláúdéènì wo ojú rẹ̀ tí oòrùn àti òtútù ti sọ di dúdú dídán, ó wo òkè tó tẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ariwo omi tó ń já bọ̀ láti òkè wá.

"Mélòó ni o kà?" ó béèrè.

"Ó ti pọ̀ jù. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí, "kí o sọ pé ìwọ lo fà á."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fà á dìde. Wọ́n sì jọ ń gòkè lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń dúró níbi tí èémí bá ti tán, wọ́n ń rìn nígbà tó bá padà dé.